Àwòrán Mọ́kànlá Lábẹ́ Omi

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Abdulwasiu ti fi ń ya fọ́tò ní Ọ̀fà kí fóònù tó gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ta aṣọ pupa àti aṣọ búlúù sí ara ògiri rẹ̀, tí àga onígi kan wà láàárín. Ayé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí ọdún Iléyá bá dé, àwọn ẹbí á tò láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ aránbàtà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Nígbà tó yá, àwọn tó ń fẹ́ páspọ́ọ̀tù nìkan ló kù: ọmọ poli tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀, bàbá arúgbó tí wọ́n ní kó mú fọ́tò méjì wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n á jókòó, wọ́n á wo ọ̀kánkán, wọ́n á dìde. Abdulwasiu kì í fajú ro sí wọn, ṣùgbọ́n bó bá délé, á sọ fún Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ pé èyí kọ́ ni iṣẹ́ tí òun kọ́.

Taofeek, àbúrò rẹ̀ tó ń jó irin ní Warri fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ló mú kámẹ́rà náà wá nígbà tó wálé lọ́dún kan. Kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Dúdú ni, ìlà kan tó pọ́n bí ọsàn yí i ká, ilẹ̀kùn pẹ́npẹ́ tó bo bátìrì rẹ̀ sì ní rọ́bà tín-ín-rín kan tí kì í jẹ́ kómi wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jù ú sómi," ni Taofeek wí.

"Kí n ju kámẹ́rà sómi?"

"Ẹ jù ú. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn."

Abdulwasiu kò lè jù ú. Ó rọra tì í bọ inú bàsíà omi tí Àṣàbí fẹ́ fi ṣan ẹ̀wà, ó ní kí Àṣàbí da ẹ̀wà náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó wo ohun tó yà. Ẹ̀wà ń rì bọ̀ nílẹ̀ ọkọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ róbótó róbótó sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Láti ìgbà tó ti ń fi ojoojúmọ́ ayé jẹ ẹ̀wà, kò mọ̀ pé ó lẹ́wà tó báyẹn.

Ó tó oṣù mẹ́ta tó fi ń kọ́ ọgbọ́n rẹ̀. Ó kọ́ pé irun orí kan ṣoṣo, tàbí ẹyọ iyanrìn kan tó bá há mọ́ ara rọ́bà yẹn, ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ó máa ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún kó tó ti ilẹ̀kùn náà. Ó kọ́ pé omi máa ń jí àwọ̀ gbé, pé àwọ̀ pupa ló sì kọ́kọ́ máa ń gbé lọ, nítorí náà ẹni tó fẹ́ ya àwòrán tó dára gbọ́dọ̀ sún mọ́ ohun tó ń yà. Ó kọ́ láti mú èémí dúró.

Àlàbí ló fún un ní omi tó tóbi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Àlàbí, odò Ọyún ni àwọn méjèèjì ti jọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tí àwọn ìyá wọn rò pé ilé kéú ni wọ́n lọ. Nísinsìnyí Àlàbí ló ń tọ́jú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní pùùlù, ní ilé ìtura kan lọ́nà Ìjàgbó. Àlàbí ni Abdulwasiu kọ́kọ́ yà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ya ọmọ poli kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tòun ti fìlà àti aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ lábẹ́ omi. Fọ́tò yẹn rìn láti orí fóònù dé orí fóònù, kò sì pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń wá láti Ìlọrin. Abdulwasiu tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé bó bá ń wẹ̀ láàárọ̀. Inú Àṣàbí dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á.

"Bàbá Mùíz, ẹ máa ṣọ́ra. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ," ló sọ fún un.

"Mo ní òfin mi," ni Abdulwasiu dá a lóhùn.

Òótọ́ ni, ó ní òfin. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, kò ní yà á ní ibi tó jìn. Àlàbí gbọ́dọ̀ dúró létí pùùlù. Ẹni tó ń yà sì gbọ́dọ̀ mọ àmì: bó bá na ọwọ́ ọ̀tún sókè, tó ya ìka márààrún, ó ti tó nìyẹn, Abdulwasiu á fà á jáde.

Hikmat ọmọ Alhaja Fatimah mọ àmì yẹn. Alhaja Fatimah ń ta léèsì lọ́jà Owódé, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni Hikmat, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ó fẹ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí. Ó gbé aṣọ kan wá, aṣọ nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wúrà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?" ni Abdulwasiu bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n, Bọ̀ọ̀dá Wasiu. Taraba ni mo ti kọ́ ọ."

Abdulwasiu wo aṣọ náà, ó rò ó wò pé ó lè wúwo nínú omi. Ṣùgbọ́n ó tún wo àwọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́rú ni, lẹ́yìn ìrun àsárì. Hikmat ti wọ omi, wọ́n ti ya bíi mẹ́ta ní ibi tí kò jìn, nígbà tí iná lọ. Máníjà ilé ìtura náà ké sí Àlàbí pé kó wá tan jẹnẹrétọ̀.

"Ẹ dúró dè mí o," ni Àlàbí wí. "Mò ń bọ̀ kíá."

Abdulwasiu ní òun ti gbọ́. Ó dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ti yí sí ẹ̀gbẹ́, ó ń gún omi náà, ìmọ́lẹ̀ sì ń jó lórí táìsì ìsàlẹ̀ bí àwọ̀n tí ẹnì kan ń mì. Ó mọ̀ pé kò ní ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan tí igi máńgòrò ẹ̀yìn ògiri á fi bò ó. Ó wo ọ̀nà ilé jẹnẹrétọ̀, kò rí Àlàbí.

"Hikmat, jẹ́ ká ya ìkan níbi tó jìn kí oòrùn tó lọ."

Ọmọbìnrin náà mi orí pé ó dáa. Ó fi ọwọ́ di irin létí pùùlù, ó mí sínú, ó sì jẹ́ kí irin lọ. Abdulwasiu náà wọ awò tí wọ́n fi ń wo abẹ́ omi, ó wọlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di àkàbà mú, ó fi èkejì gbé kámẹ́rà.

Aṣọ náà là bí òdòdó. Ó kọ́kọ́ ga sókè, ó yí Hikmat ká, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀, ó wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gòkè, ìka márààrún yà síra wọn, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba àárín ìka náà kọjá. Abdulwasiu rí ìka márààrún. Èyí gan-an ni mo ti ń wá, ohun tó sọ lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná kámẹ́rà ṣẹ́jú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Èémí tán nínú òun fúnra rẹ̀, ó yọrí síta, ó mí kanlẹ̀, ó tún padà wọlẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ìgbà tó rí i pé ẹnu ọmọ náà là sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kankan kò sì jáde níbẹ̀ mọ́, ni ọkàn rẹ̀ tó já. Ó ju kámẹ́rà sílẹ̀. Aṣọ tó fúyẹ́ bí èéfín níta ti wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì nínú omi. Ó fà á, kò wá. Ó yọrí, ó pariwo orúkọ Àlàbí, ó tún wọlẹ̀. Àlàbí sáré dé, ó bẹ́ sómi tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbé Hikmat dé orí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́. Àlàbí ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Omi tú jáde ní imú àti ẹnu rẹ̀, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìsí ohùn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ni wọ́n fi gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé á sùn lọ́dọ̀ àwọn fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n pé ó ti bọ́.

Alhaja Fatimah dé pẹ̀lú ìborùn tó wọ́ nílẹ̀.

"Bàbá Mùíz, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi?"

"Aṣọ ló wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, Alhaja," ni Abdulwasiu wí. "A sáré fà á jáde."

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó sọ. Ìyẹn gan-an ló wá di ẹ̀gún tó há a lọ́fun.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilẹ̀ ti gbọ́ pé Abdulwasiu onífọ́tò ló yọ ọmọ Alhaja Fatimah nínú omi. Aránbàtà ìsàlẹ̀ àdúgbò wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́mù mọ́sálásí àdúgbò wọn dárúkọ rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Abdulwasiu náà rì láyé, àwọn ènìyàn sì ṣe àmín. Abdulwasiu tẹrí ba, ó ń wo etí ẹní tó jókòó lé. Nígbà tó délé, ó bá iṣu mẹ́wàá ńlá ńlá ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Alhaja ló ní kí wọ́n gbé e wá láti oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òjòkú.

Àlàbí ti fi àwọ̀n tí wọ́n fi ń kó ewé fa kámẹ́rà náà jáde nísàlẹ̀ pùùlù, ó sì ti gbé e wá fún un. Kò sí ohun tó ṣe é. Abdulwasiu ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó kó àwọn àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà. Mọ́kànlá ni wọ́n láti ìgbà tí ọwọ́ ti gòkè. Kámẹ́rà náà máa ń kọ àkókò sára àwòrán, nítorí náà ó yọ àkókò èyí tó kọ́kọ́ yà kúrò lára àkókò èyí tó yà kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógójì. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì jókòó wo ọwọ́ aago náà títí méjìdínlógójì fi pé. Kò mọ̀ pé ó lè gùn tó báyẹn.

Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé àwọn àwòrán náà dára. Láti ìgbà tó ti ń ya fọ́tò, kò ya èyí tó tó wọn rí. Ó wò wọ́n títí ojú fi ń ta á, ó sì rí i pé apá kan nínú òun ń wo ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín ìka kọjá, tó ń sọ pé ó dára, ó dára. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, kò lè jẹun tó nílàárí. Àṣàbí gún iyán níbi iṣu tí Alhaja fún wọn, ó gbé e síwájú rẹ̀. Abdulwasiu fọwọ́ kàn án, ó tún fọwọ́ kúrò.

"Mi ò lè jẹ iṣu yìí, Àṣàbí."

"Kí ló ṣe iṣu?"

Ó sọ fún un. Ó sọ nípa Àlàbí tó ní kó dúró, ó sọ nípa àmì, ó sọ pé òun yọrí síta lọ mí kí òun tó padà lọ máa yà á. Nígbà tó parí, Àṣàbí ní kó jẹ́ kí òun rí àwọn àwòrán náà. Ó wo mẹ́ta, ó yí ojú kúrò.

"Ta ló tún ti rí i?"

"Kò sẹ́ni. Mo fẹ́ pa á rẹ́."

"Ẹ ò gbọdọ̀ pa á rẹ́." Àṣàbí bo iyán náà. "Ọmọ yẹn ló wà nínú àwòrán yìí, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ara yín lẹ ń gbà là. Ẹ lọ bá wọn."

"Alhaja á bú mi."

"Á bú yín. Ṣé nítorí kí wọ́n má bàa bú yín ni ẹ ṣe fẹ́ máa gbọ́ àmín tí kì í ṣe tiyín?"

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Abdulwasiu fi káàdì tí kámẹ́rà náà ń kó àwòrán pamọ́ sí sínú àpòòwé, ó yọ àwọn àwòrán náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà kí èkejì wọn má bàa kù sọ́dọ̀ òun, ó sì gba ilé Alhaja Fatimah lọ ní Òjòmu. Hikmat wà lórí àga gígùn ní pálọ̀, ó fi aṣọ bora bí ooru tilẹ̀ ń mú. Ìyá rẹ̀ dìde pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Bàbá Mùíz, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Àwọn Àṣàbí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé omi wá fún yín."

"Alhaja, ẹ má gbé omi wá." Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sì ya ìyá náà lẹ́nu. "Ohun tí mo sọ fún yín lọ́sibítù, kò pé."

Ó wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi ẹ̀bi kankan sórí Àlàbí, kò fi sórí aṣọ, kò sì mẹ́nu bà á pé Hikmat ló ní òun mọ̀ ọ́n wẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìka márààrún, ó ní, "Mo rí i. Mo rò pé àrà ló ń dá fún mi."

Fáànù ń yí lókè. Hikmat ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Abdulwasiu ló bá sọ ọ́.

"Màámi, ṣé ẹ ti gbọ́?"

Alhaja yí ojú sí i.

"Mo sọ fún yín lọ́sibítù pé iná ń ṣẹ́jú sí mi. Mo ní mo na ọwọ́, mo sì rí iná. Ẹ ní omi ló wọ̀ mí lórí. Ẹ ní ẹni tó yọ èèyàn kò lè jẹ́ ẹni tó dúró tó ń wò ó, kí n má ṣe àìmoore." Ó fa aṣọ náà mọ́ra. "Èmi náà ti ń gbà pé orí mi ò pé. Mi ò lè pa ojú dé láti ọjọ́ yẹn, mo ń bi ara mi pé ṣé àlá ni."

"Kì í ṣe àlá," ni Abdulwasiu wí.

"Mò ń ka iná yẹn, Bọ̀ọ̀dá Wasiu. Gbogbo ìgbà tó bá ṣẹ́jú, màá ní ó ti rí mi, ó ń bọ̀."

Abdulwasiu na àpòòwé náà sí i. Ó ṣàlàyé pé káàdì tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni àwọn àwòrán náà wà, pé kò sí ibòmíràn, pé tirẹ̀ ni kó ṣe bó bá ṣe fẹ́. Hikmat gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ wò ó nísinsìnyí, níṣojú àwọn méjèèjì. Ó wò ó láti orí àkọ́kọ́ dé orí ìkọkànlá, kò yára, kò sì dá dúró. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó pẹ̀lú. Nígbà tó dé ti ìkẹyìn, Alhaja fi ìborùn bo ojú ara rẹ̀.

Ó wá sọ ìborùn náà kalẹ̀.

"Wasiu," ló wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra wọn, Bàbá Mùíz ló máa ń pè é, ẹ̀yin ló sì máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. "Dìde nílẹ̀. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mi ò lè gba ọpẹ́ náà padà, nítorí ọwọ́ rẹ ló ṣì fà á jáde. Ṣùgbọ́n má tún wá sí ilé yìí mọ́."

Abdulwasiu dìde. Ó ní, "Ẹ má bínú, Alhaja. Hikmat, má bínú." Hikmat kò ní òun bínú, kò sì ní òun kò bínú. Ó ń yọ káàdì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Àwọn kan ní Abdulwasiu ṣe ọkùnrin tó fi lè lọ jẹ́wọ́. Àwọn kan ní òmùgọ̀ ni, ta ló bi í? Àwọn mìíràn kàn yẹra, wọ́n lọ ń ya páspọ́ọ̀tù wọn níbòmíràn. Àlàbí bínú sí i fún bí oṣù kan, nítorí òun náà ti ń fọwọ́ sọ̀yà kiri ìlú pé ọ̀rẹ́ òun ṣe bẹbẹ. Nígbà tí ìbínú rẹ̀ rọ̀, ó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì sọ fún Abdulwasiu pé Hikmat wá sí pùùlù ní àárọ̀ ọjọ́ kan, pé ó jókòó létí ibi tó jìn, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi títí oòrùn fi ga, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó sì lọ. Abdulwasiu bi í bóyá ó sunkún. Àlàbí ní òun kò sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Kò mọ ohun tí ọmọbìnrin náà fi káàdì yẹn ṣe. Ó gbọ́ pé ó ti ríṣẹ́ ní Ìlọrin. Òun fúnra rẹ̀ kò ya fọ́tò lábẹ́ omi mọ́. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan wá láti Ẹ̀rìn-Ilé nínú oṣù tó kọjá, òun àti ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn rí lórí fóònù. Abdulwasiu fún wọn ní àga, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógójì náà. Wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n lọ.

Nígbà mìíràn ó máa ń gba ọjà Owódé kọjá. Bó bá dé iwájú ìsọ̀ léèsì Alhaja Fatimah, ó máa ń dúró, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó máa ń ní, "Ẹ kú ọjà, Alhaja." Alhaja á máa ká aṣọ lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí kì í dáhùn rárá. Ọjọ́ mìíràn sì wà tó máa ń dáhùn pé, "Òo," láìgbé ojú sókè, tí Abdulwasiu á sì máa bá tirẹ̀ lọ.